Ọdún Tí Owó Wọlé: Ọ̀rọ̀ Lórí Àpò Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ọ̀dọ́

Ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ pa ọjà tì ní ọjọ́ Sátidé kí ẹ lè wá síbí, mo kí yín, ẹ kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀dọ́, bó ṣe ń wọlé àti bó ṣe ń jáde láti ọdún dé ọdún. Ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yẹ ìwé wọn wò. Ohun tí mo rí nínú àwọn ìwé náà ni mo fẹ́ sọ, mi ò sì ní fi pamọ́ di ìparí ọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kì í sábà kú lọ́dún tí kò sí owó. Ọdún tí owó wọlé ló máa ń kó àrùn tí yóò pa á.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí á ṣòro gbà, torí pé onígbọ̀wọ́ ni gbogbo wa ń wá kiri. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìbẹ̀rẹ̀ ná.

Bí ẹgbẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ẹnì kan tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, tàbí olùkọ́ tó fẹ́ràn eré, á kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ sí pápá iléèwé kan nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Á ra bọ́ọ̀lù méjì. Bí kò bá rówó ra kóònù, á rọ yanrìn sínú ike omi, á tò wọ́n sílẹ̀ kí àwọn ọmọ máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Á ra jẹ́sì ní Gbági tàbí ní Yábàá, á ní kí wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i lẹ́yìn. Á fún ọ̀gá iléèwé ní nǹkan díẹ̀ kó lè rí pápá lò, á sì bẹ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò kí wọ́n má bàa wá da eré rú. Gbogbo rẹ̀, láti inú àpò ara rẹ̀ ni.

Àwọn ọdún yìí ni kò ní àkọsílẹ̀ kankan. Ẹni tó ń náwó kò rò pé òun ń ṣe ohun tó yẹ kí a kọ sílẹ̀. Ìfẹ́ ló fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó pé ọdún mẹ́wàá, kí ọmọ kan láti inú ẹgbẹ́ náà lọ sí òkè òkun, kí owó díẹ̀ yọjú. Ìgbà yẹn ni olùdásílẹ̀ á rántí pé ẹgbẹ́ jẹ òun ní owó. Ó ṣeé ṣe kó jẹ ẹ́ lóòótọ́. Èló ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀, òun gan-an kò mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni a ó gbà gbọ́ tàbí kí a má gbà gbọ́, ìjà tó bá sì tibẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kì í bọ́ nínú rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti máa kọ ọ́: owó tí mo mú jáde lónìí, ẹ̀bùn ni àbí awin ni? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo níwájú iye owó náà ti tó. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn, ó di ti ẹgbẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè rẹ̀ mọ́. Bó bá jẹ́ awin, kí ẹlòmíì nínú ẹgbẹ́ mọ̀ sí i, kó sì fọwọ́ sí i.

Nípa àwọn ohun tí a ń rà, bọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, torí òun ló ń tan àwọn akápò jẹ jù. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá lórí ilẹ̀ pupa olókùúta kì í pẹ́. Awọ òkè á kọ́kọ́ bó, ojú ibi tí wọ́n ti rán an á là, ọmọ tó bá forí kàn án á rí i pé ó ta òun níwájú orí. Lẹ́yìn náà ni rọ́bà inú á yọ gbúńgbú síta níbi tó ti là. Wọ́n á fẹ́ ẹ, á ti rọ kí eré tó dé ìdajì. Síbẹ̀, nínú ìwé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún ni bọ́ọ̀lù máa ń hàn, bíi pé dúkìá ni. Bọ́ọ̀lù kì í ṣe dúkìá o. Gaàrí inú ilé ni, a ń jẹ ẹ́ tán, a sì gbọ́dọ̀ máa ra òmíràn. Ẹ pín iye bọ́ọ̀lù tí ẹ ń bà jẹ́ lọ́dún sí oṣù méjìlá, kí ẹ sì mọ iye tó ń jẹ lóṣooṣù kí ẹ tó sọ pé ẹ mọ ohun tí ẹgbẹ́ yín ń ná.

Ìrìn àjò eré náà tún ń tan wá. Bí a bá fẹ́ kó àwọn ọmọ láti Ìbàdàn lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbogbo ènìyàn ló máa ń ṣírò owó mọ́tò. Owó ìforúkọsílẹ̀ ìdíje, a rántí ìyẹn. Owó réfèrí, a rántí ìyẹn nígbà tí réfèrí bá dúró tì wá. Ta ló ń ṣírò oúnjẹ? Ọmọ tó ti jí láti ìdájí, tó gbá bọ́ọ̀lù nínú oòrùn, ebi á pa á, àwo ìrẹsì kan ni yóò fi délé. Inú àpò kóòṣì ni owó oúnjẹ náà ti ń jáde, kò sì ní dé inú ìwé. Lópin ọdún, ìwé á fi hàn pé ẹgbẹ́ kò jẹ gbèsè, bẹ́ẹ̀ kóòṣì ti jẹ gbèsè lọ́rùn nílé. Ohun tí ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ kì í ṣe òótọ́, ó sì ń ṣe ìpalára gidi, torí pé ọjọ́ tó bá sú kóòṣì ni ẹgbẹ́ á ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ iye tó ń ná.

Owó tí àwọn òbí ń dá ni òpómúléró. Mo sọ bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ó kéré, ó ń pẹ́ kó tó wọlé, àwọn mìíràn kì í san án, ṣùgbọ́n òun nìkan ni owó tó ń wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ń dùn. Àléébù rẹ̀ ni pé a máa ń fi iye rẹ̀ sílẹ̀ lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí owó ọjà kò dúró. Ẹ rántí ọdún 2023. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni ààrẹ tuntun kéde pé kò sí owó ìrànwọ́ orí epo mọ́. Jálá epo tí a ń rà ní nǹkan bíi náírà 190 ti kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ 1,000. Oṣù Kẹfà ọdún 2023 yẹn kan náà ni wọ́n tú náírà sílẹ̀ lọ́jà owó ilẹ̀ òkèèrè. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi náírà 470 sún mọ́ 1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bọ́ọ̀lù, bàtà, ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀wọ́ gọ́ọ̀lì, òkè òkun ni púpọ̀ nínú wọn ti ń wá.

Ẹgbẹ́ tí òbí ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà fún lóṣù ṣáájú ìgbà yẹn, tó sì ń gba ẹgbẹ̀rún kan náà lẹ́yìn rẹ̀, ti pàdánù púpọ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni jí i lówó. Mi ò sọ pé kí a di ẹrù lé òbí lórí. Àwọn náà ni epo wọ́n fún. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a pè wọ́n jókòó ní oṣù kan pàtó lọ́dọọdún, kí a gbé ìwé ìnáwó kalẹ̀ níwájú wọn, kí a sì jọ pinnu iye náà. Òbí tó bá rí i lójú ara rẹ̀ pé owó mọ́tò ti di ìlọ́po kò ní bínú bíi ti ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp pé owó ti lé. Ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ní, kí ẹgbẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé a yọ̀ǹda fún un, kí iye tí a yọ̀ǹda sì hàn nínú ìwé. Ohun tí a fi ṣàánú, owó náà ni.

Wàyí o, ọdún tí owó wọlé. Ó lè jẹ́ ọdún ìdìbò, bíi 2019 tàbí 2023, tí olóṣèlú kan fẹ́ kí àwọn ọmọ wọ jẹ́sì tó ní àwòrán òun. Ó lè jẹ́ ilé-iṣẹ́ kan tó fẹ́ gbé orúkọ ara rẹ̀ ga. Ó lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tẹ́lẹ̀ tó ti ń ṣe dáadáa ní òkè òkun, tó rántí ibi tó ti wá, tó sì fi owó ńlá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú gbogbo ènìyàn á dùn. Ẹgbẹ́ á gba ilé kan kí àwọn ọmọ tó ti ọ̀nà jíjìn wá lè máa sùn síbẹ̀. Wọ́n á máa san owó oṣù fún kóòṣì. Iye ọmọ á di ìlọ́po méjì. Wọ́n á ra bọ́ọ̀sì tó ti gbó.

Ó ní ìwé ẹgbẹ́ kan tí mo yẹ̀ wò tí mi ò lè gbàgbé, mi ò sì ní dárúkọ wọn. Ìwé gígùn eléèpo dúdú ni. Nínú àwọn ojú ewé ìbẹ̀rẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ wà lápá òsì ní ìlà ní ìlà, àmì bíírò búlúù sì wà níwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí òbí ti san owó. Àmì kún ibẹ̀ dé etí ìwé. Ẹ̀bùn ńlá kan wá wọlé, wọ́n fi bíírò pupa kọ ọ́, wọ́n fa ìlà méjì sí i nísàlẹ̀. Mo ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e: orúkọ àwọn ọmọ ṣì wà, àmì búlúù ti ń fọ́n ká. Mo tún ṣí i: kò sí mọ́ rárá. Lápá ìnáwó ẹ̀wẹ̀, ohun tí mo ń kà ni táyà, bátìrì, ọ́ìlì, mẹkáníìkì, táyà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo wá ọ̀rọ̀ náà bọ́ọ̀lù títí.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Owó ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi gbé ìnáwó ojoojúmọ́, ìyẹn nìkan sì ti tó láti da ẹgbẹ́ rú. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò sí lápá ìnáwó. Àwọn òbí jáwọ́ nínú owó dídá torí wọ́n gbọ́ pé ẹgbẹ́ ti lówó. Bàbá tó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí béèrè owó epo, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀, torí pé wọ́n ń san owó fún kóòṣì. Màmá tó ń fọ jẹ́sì ní kí wọ́n wá ẹni tí wọ́n á máa sanwó fún. Nígbà tí onígbọ̀wọ́ wá lọ, torí pé wọn kò ní ṣàì lọ, kò sí owó ńlá, kò sí owó kékeré, kò sì sí àwọn tó ń fi ara ṣe é. Owó ńlá kò kàn tán lásán. Ó ti kó ìwà ìrànlọ́wọ́ tó mú ẹgbẹ́ dúró lọ, ìwà yẹn kì í sì í tètè padà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ tí owó ńlá bá wọlé fún le lójú wọn. Ẹ má ṣe dá owó òbí dúró, kódà bí ẹ bá fẹ́ dín in kù. Ẹ ná owó náà sórí ohun tí kò ní padà wá béèrè owó: òpó gọ́ọ̀lì onírin, àwọ̀n, àpótí oògùn ìtọ́jú ojú ẹsẹ̀, owó kí kóòṣì yín lọ gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì ti CAF, àjọ bọ́ọ̀lù Áfíríkà. Ìwé ẹ̀rí yẹn kì í jẹ epo. Kí apá kan nínú owó náà sì wọ báǹkì, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo kò ti lè fọwọ́ kàn án. Bọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa háyà.

Ẹlòmíì á ní, ṣé àwọn ẹgbẹ́ kan kò ti fi onígbọ̀wọ́ dìde bí? Wọ́n ti ṣe é. Pepsi Football Academy bẹ̀rẹ̀ ní 1992, Mikel Obi sì wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́tí ẹlẹ́rìndòdò ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gbé ìnáwó rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ẹgbẹ́ àdúgbò tó rí ẹ̀bùn lẹ́ẹ̀kan kò lè fi ara rẹ̀ wé e. Àdéhùn ọlọ́dún mẹ́ta tí a kọ sílẹ̀ tí a sì fọwọ́ sí sàn ju owó ńlá ọjọ́ kan tí wọ́n yà ní fọ́tò lọ.

Lórí òfin, ẹgbẹ́ tí kò ṣe é fún èrè lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lábẹ́ Apá F nínú òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA, ti ọdún 2020, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní àwọn alágbàtọ́ (trustees). Òfin náà kò ní kí owó má ṣẹ́kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ lópin ọdún. Ohun tó kọ̀ ni kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pín in bí èrè. Iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìkan ni ó gbọ́dọ̀ bá lọ. Mo tẹnu mọ́ ọn torí mo ti rí akápò tó ń sáré ná owó tán ní oṣù Kejìlá, tó rò pé àṣẹ́kù lòdì sí òfin. Àṣẹ́kù ni yóò bọ́ ẹgbẹ́ nígbà tí nǹkan bá le. Nígbà tí ìjọba sé Èkó àti Ògùn mọ́lé ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, ẹgbẹ́ tí kò ní àṣẹ́kù kò rí kóòṣì wọn pè padà nígbà tí pápá ṣí, torí pé wọ́n ti lọ wá iṣẹ́ mìíràn. Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, ẹ máa fi ìròyìn ọdọọdún ṣọwọ́ sí CAC. Ẹgbẹ́ tó bá fi ìyẹn sílẹ̀ á kó ìtanràn jọ láìmọ̀.

Lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn wa tó wà ní Bìrìtéènì, ìjọba fúnra rẹ̀ ń ran irú ẹgbẹ́ báyìí lọ́wọ́. Láti 2002 ni òfin owó orí wọn ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ eré ìdárayá àdúgbò láti forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n gba ìdínkù owó orí; lẹ́yìn náà ni ilé àti pápá wọn tún bọ́ lọ́wọ́ ìdá 80 nínú 100 owó tí wọn ì bá san fún ìjọba ìbílẹ̀. Ademola Lookman, tó jẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà fún 2024, ẹgbẹ́ àdúgbò kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Waterloo ló ti kọ́ eré kí Charlton tó mú un. Ìjọba tiwa kò ṣe irú èyí fún àwọn ẹgbẹ́ wa, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa láìdákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá dé ibi tí ojú gbogbo yín wà: owó ọmọ tó lọ sí òkè òkun.

Owó méjì ni òfin FIFA là sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tó tọ́ ọmọ. Èkíní ni owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí ọmọ bá kọ́kọ́ di agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ẹgbẹ́ tuntun náà á san owó fún àwọn tó kọ́ ọ láti ọdún tó pé ọmọ ọdún 12. Iye náà tẹ̀ lé ipò tí wọ́n to ẹgbẹ́ tó ń gbà á sí, láti ìkíní dé ìkẹrin. Ní Yúróòpù, ipò kìíní jẹ́ yúrò 90,000 fún ọdún kan, ìkejì 60,000, ìkẹta 30,000, ìkẹrin 10,000. Ní Áfíríkà, ipò ìkẹrin jẹ́ dọ́là 2,000. Fún àwọn ọdún láti 12 dé 15, iye ti ipò ìkẹrin ni wọ́n ń lò. Ẹ jẹ́ ká fi ṣe àpẹẹrẹ: ọmọ kan wà lọ́dọ̀ yín láti ọdún 14 títí ó fi parí ọdún 17, ó sì lọ tààrà sí ẹgbẹ́ ipò ìkẹta ní Yúróòpù nígbà tó pé 18. Ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ yúrò 20,000, ọdún méjì kejì jẹ́ 60,000. Yúrò 80,000 ni àpapọ̀. Àmọ́ bí ẹgbẹ́ tó gbà á bá jẹ́ ti ipò ìkẹrin, kò sí owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ rárá.

Ẹ tún fetí sí èyí dáadáa. Bí ọmọ náà bá ti kọ́kọ́ buwọ́ lu ìwé gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó ń gbowó pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn níbí ní Nàìjíríà, kí ó tó ti ibẹ̀ lọ sókè òkun, ẹgbẹ́ tí ọmọ náà ti kúrò kẹ́yìn nìkan ló ń gba owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, fún àkókò tó lò lọ́dọ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ láti kékeré ti jáde nínú ìyẹn. Ọ̀pọ̀ kóòṣì ló ń fi ọmọ ta ẹgbẹ́ ńlá lọ́rẹ fún oṣù díẹ̀ kí ó lè rí ọ̀nà lọ, láìmọ̀ pé ọwọ́ ara àwọn ni àwọn fi ń ti ilẹ̀kùn. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ẹ kọ àdéhùn pẹ̀lú ẹgbẹ́ náà kí ọmọ tó ṣí ẹsẹ̀.

Owó kejì ni ìpín ìṣọ̀kan. Nígbàkigbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, ìdá 5 nínú 100 owó náà jẹ́ ti gbogbo ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọdún 12 dé 23. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 12 dé 15 ń gba 0.25 nínú 100 iye tí wọ́n tà á. Ọdún kọ̀ọ̀kan láti 16 dé 23 ń gba 0.5. Títí ọmọ náà á fi fi eré sílẹ̀ ni, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Gbogbo wa mọ Victor Osimhen, ọmọ tó dàgbà ní Olúsosùn l'Ékòó, tó ń ta omi láàárín ọkọ̀, tó gbá bọ́ọ̀lù ní Ultimate Strikers, tó sì gbá gọ́ọ̀lù 10 wọlé ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 ní Chile lọ́dún 2015. Nígbà tí Galatasaray rà á pátápátá lọ́wọ́ Napoli ní 2025, yúrò mílíọ̀nù 75 ni. Ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín: lórí irú iye bẹ́ẹ̀, ọdún kan tí ọmọ fi wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ ní ọmọ ọdún 16 jẹ́ yúrò 375,000. Ọdún kan ní ọmọ ọdún 13 jẹ́ 187,500. Pápá wo nínú àdúgbò wa ni ìyẹn kò ní tún ṣe?

Kí ló ń dí wa lọ́wọ́? Ìwé. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni FIFA ti dá ilé ìsanwó kan sílẹ̀ ní Paris, tí àwọn owó wọ̀nyí ń gbà kọjá. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń tọpasẹ̀ ọmọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, láti inú àkọsílẹ̀ tí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní. Bí ẹgbẹ́ yín kò bá sí lábẹ́ àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ àti NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, tí orúkọ ọmọ kò sì wọlé lábẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ní sáà tó wà lọ́dọ̀ yín, lójú ìwé yẹn, ẹ kò kọ́ ẹnikẹ́ni. Bí orúkọ bá sì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì máa yẹ ẹgbẹ́ wò kí wọ́n tó sanwó: ta ló ni ín, ṣé àkántì báǹkì tó ní orúkọ ẹgbẹ́ wà? Kóòṣì tó fi àkántì ara rẹ̀ gba owó ẹgbẹ́ láti ọdún pípẹ́ wá, ibí ni ọ̀rọ̀ á ti há a lẹ́nu. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2015 náà ni FIFA ti kọ̀ kí ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ẹgbẹ́ ní ìpín nínú owó tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù. Ìwé tí kóòṣì tàbí bọ̀dá àdúgbò bá òbí fọwọ́ sí pé ìdá báyìí nínú ọmọ jẹ́ tèmi, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọmọ kì í ṣe ọjà, inú mi sì dùn sí òfin yẹn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe kọ owó yìí sínú ètò ìnáwó yín. Ọmọ kì í kọjá sí òkè òkun ṣáájú ọdún 18 àyàfi nínú àwọn ipò díẹ̀ tí òfin fàyè gbà. Ọmọ ọdún 12 tó wà ní pápá yín lónìí, bí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ lọ bó ṣe yẹ, ọdún mẹ́fà ló kù ó kéré tán, àwọn tó pọ̀ jù kò sì ní lọ rárá. Wọ́n á di dókítà, wọ́n á di télọ̀, wọ́n á di awakọ̀, ẹgbẹ́ sì ti ṣe tiwọn fún wọn dáadáa. Ẹgbẹ́ tó bá ń tọ́jú ọmọ ogójì nítorí kí ọ̀kan lè mówó wá, àwọn mọ́kàndínlógójì á mọ̀ ọ́n lára. Ẹ fi ìwé pa mọ́ bí ẹni tó ń retí owó náà. Ẹ máa náwó bí ẹni tí kò retí rẹ̀.

Nípa ìwé fúnra rẹ̀, kò nílò kọ̀ǹpútà. Ìwé méjì ti tó. Ọ̀kan fún owó: ọjọ́, ta ló mú un wá tàbí ta ló gbà á, kí ni fún, èló ló kù. Ìkejì fún ọmọ: orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tó dé, ọjọ́ tó lọ, iléèwé rẹ̀, nọ́ńbà òbí, àti orúkọ gbogbo ìdíje tó gbá fún yín. Kí ènìyàn méjì tí kò bá ara tan máa fọwọ́ sí owó kó tó jáde ní báǹkì. Kí ẹ ka ìròyìn owó sí etí òbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lójúkojú. Ẹni tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ akápò. Mo mọ̀ pé èyí máa ń dun àwọn olùdásílẹ̀, àwọn tó fi ara wọn jìn fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n òun ló ń dáàbò bo orúkọ wọn.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, kóòṣì àgbà kan dìde, ó ní: "Ọ̀gá, àwọn ọmọ tó ti kúrò lọ́dọ̀ wa láìsí ìwé ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn wà ní Pọtogí báyìí."

Mo ní kí Bàbá lọ bá àwọn òbí ọmọ náà, kí wọ́n wá fọ́tò tó ní ọjọ́ lórí, káàdì ìdíje, ìwé tí wọ́n fi orúkọ agbábọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣètò ìdíje, àti ìwé ìjẹ́rìí láti iléèwé tí ọmọ ń lọ nígbà yẹn. Kí wọ́n kó o lọ sí ọ́fíìsì àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, kí wọ́n béèrè sáà tí wọ́n forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ àti ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ sí i. Bí orúkọ ẹgbẹ́ mìíràn bá wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè àtúnṣe, kí wọ́n sì gba ìwé pé wọ́n gba ẹ̀sùn náà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n má ṣe dúró di ìgbà tí wọ́n bá tún ta ọmọ náà, torí àyè tí òfin fi sílẹ̀ láti béèrè irú owó yìí kì í ṣe ayérayé. Bí ẹgbẹ́ Bàbá kò bá sì tíì sí lábẹ́ àjọ, ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ nítorí àwọn ọmọ tó ṣì wà ní pápá. Ó ní òun á mú akápò òun dání lọ.